Imú Gbọ́, Ẹnu Dákẹ́

Ìyá àgbà, ìyá Bẹyẹrúnkà, mo dé o. Mo tún ti ṣí àpótí yín. Ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí i ni díẹ̀ ń bọ́ lọ nínú ohun tó kù, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo tú gèlè sányán yín, mo tẹ imú bọ̀ ọ́, mo gbọ́ yín. Ohùn yín ti rẹlẹ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà ní yàrá kejì, tí ilẹ̀kùn wà ní títì. Lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, ẹnu ọ̀nà ni ẹ ṣì máa ń dúró sí.

Gbígbọ́ là ń gbọ́ òórùn nílẹ̀ wa. Àwọn tó ni èdè yìí kò ní a rí i, wọn kò ní a fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní a gbọ́ ọ, bí a ti ń gbọ́ ìlù tó ń bọ̀ láti Ọ̀rányàn, bí a ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí a bá gbọ́, a lè jẹ́ ẹ. Ohun tí a bá gbọ́, a lè ròyìn rẹ̀. Èmi gbọ́, ìyá mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nínú ilé pé tiyín ti yí padà. Imú mi gbọ́, ẹnu mi dákẹ́. Ẹkún tí mo wá sun nìyẹn.

Irú ni ẹ ń tà. Ẹ jẹ́ kí n wí i kí ayé gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Irú wooro nínú agbọ̀n, irú pẹ̀tẹ̀ nínú igbá, ewé lókè, eṣinṣin lókè ewé. Ẹ ó se èso irúgbá láti alẹ́ mọ́jú, ẹ ó gún un, ẹ ó fọ̀ ọ́ títí èèpo rẹ̀ á fi bọ́, ẹ ó tún un sè, ẹ ó dé e mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ mẹ́ta kó tó di irú. Ẹni tó bá ti gbé nítòsí ìkòkò yẹn rí mọ ohun tí mo ń wí. Irú dùn lọ́bẹ̀, kò dùn láṣọ. Irú a máa tẹ̀lé olówò rẹ̀ délé, a máa bá a wọ mọ́ṣáláṣí, a máa bá a jókòó lóde ìyàwó, a máa ṣáájú rẹ̀ kí àlejò. Gbogbo ẹlẹ́gbẹ́ yín ní ìṣọ̀ ló ní òórùn yẹn lára, wọn kò sì tijú rẹ̀, nítorí òun ló rán ọmọ wọn níwèé. Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ̀ ọ́. Ẹ ní irú kò ní bá yín kọjá ẹnu ọ̀nà.

Kí ìrun àsùbáà tó parí ni ẹ ti wẹ̀ tán. Ọṣẹ dúdú, kànìnkànìn, omi tútù. Òrí díẹ̀ sí gìgísẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ ó mú ìgò kékeré ọlọ́mọrí pupa jáde, ìgò tí kò ju ìka ọwọ́ mi lọ. Ẹ̀kán kan sẹ́yìn etí ọ̀tún. Ẹ̀kán kan sẹ́yìn etí òsì. Ẹ̀kán kan sí ọrùn ọwọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ ó fi tọ́ etí gèlè. Ẹ̀kán mẹ́rin péré, kò lé, kò dín. Ẹ ó dé ìgò, ẹ ó wò mí lójú, ẹ ó ní, "Ṣé ó ta?" Èmi ọmọdé á ní, "Ó ta sánsán, ìyá." Nígbà yẹn, òótọ́ ni mò ń sọ.

Ẹ ó wá gun òkè. Láti Bẹyẹrúnkà dé Ọjà'ba n'Ìbàdàn, ọjà tí Ìbà Olúyọ̀lé fi orúkọ oyè rẹ̀ sílẹ̀ fún, òkè ni, èèyàn á sì máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Gbọ̀ngàn Màpó á máa wò yín láti orí òkè tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn òpó ràbàtà yẹn. Ẹgbẹ́ ni yín, ẹ̀yin àti ilé náà: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1925, Kapitéènì Ross, òyìnbó ajẹ́lẹ̀, ṣí i ní 1929, ìyá yín sì ní àárín ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ru òkúta gòkè lòun bí yín. Bí ẹ bá ti ń kọjá, àwọn èèyàn á gbé ojú sókè láti inú ìṣọ̀ wọn kí wọ́n tó rí yín. Wọ́n á ní, "Ìyá Onílọ́fínńdà ti ń bọ̀." Aláwàdà kan á ní, "Bí ẹ bá ń ta irú báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ta ti àwa náà."

Afọ́jú kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́ṣáláṣí Gbogboogbò Ọjà'ba, tó máa ń jókòó sórí ẹní, igbá rẹ̀ níwájú. Kò rí yín rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kì í kí i kó tó kí yín. Ẹ ó ṣì wà ní bí ogún ẹsẹ̀ sí i, á ti yí ojú sí ọ̀dọ̀ yín, á ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyá mi, ọjà á tà o." Ọmọdé ni mí, mo rò pé ó ń ríran ni.

Lọ́fínńdà! Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ bó ti rìn jìnnà. Lavender ni òyìnbó ń pe òdòdó kan, wọ́n ń fi omi rẹ̀ wọ́n ara àti aṣọ. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sọ̀ kalẹ̀ l'Ékòó, a gbà á lọ́wọ́ wọn, a yí i lẹ́nu, ó di lọ́fínńdà, gbogbo ohun tó bá ti ta sánsán nínú ìgò sì di lọ́fínńdà títí dòní, ìbáà má ní ewé òdòdó náà kan ṣoṣo nínú. Kó tó dé, ara wa kò ṣòfo. Òsùn wà, òrí wà, tùràrí wà tí àwọn ará òkè Ọya mú wá. Ẹtà náà sì wà nínú igbó, ẹranko abìlà, tí ohun tó ń jáde nídìí rẹ̀ ń rùn bí kí èèyàn sá, ṣùgbọ́n tí àwọn tó ń po lọ́fínńdà nílẹ̀ òkèèrè ń wá lójú méjèèjì fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí bí wọ́n bá fi ìwọ̀nba rẹ̀ sínú òdòdó, òdòdó náà kò ní tètè kú lára. Òórùn dídùn àti òórùn burúkú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìyá mi onírú ti mọ ìyẹn kí n tó kà á nínú ìwé.

Láyé ìgbà náà, Bint el Sudan ló gbòde lápá ọ̀dọ̀ wa yìí. Wọ́n ní Khartoum ló ti ṣẹ̀, ní nǹkan bí 1920, pé àwọn olórí ẹ̀yà 14 ló ru èròjà olóòórùn wá bá Eric Burgess, òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ W. J. Bush ti Lọ́ńdọ̀nù, kó bá wọn pò ó pọ̀. Kò ní ọtí nínú, ìdí nìyẹn tí àwọn Mùsùlùmí fi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, láti Sùdánì wá kan Kánò, láti Kánò wá kan Ṣábó tiwa níbí. Ọmọbìnrin tó wà lára ìwé ìgò rẹ̀ kò wọ ẹ̀wù. Nígbà tó yá, níbòmíràn, wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ. Àní àwòrán orí ìgò pàápàá a máa yí padà. Àmọ́ kì í ṣe òun ni tiyín o. Tiyín kò lórúkọ ńlá, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀ níbí. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ní Ògúnpa.

Ẹ̀yin ará Ìbàdàn, ọmọ ajòrosùn, ẹ̀yin tí ẹ wà láyé lọ́jọ́ náà kò ní gbàgbé 31 Oṣù Kẹjọ, 1980. Òjò tó rọ̀ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Odò Ògúnpa kúrò níbi tí Ọlọ́run fi í sí, ó wọlé onílé, ó gbé èèyàn, ó gbé mọ́tò, ó gbé òkú, ó gbé alààyè. Ní ìṣọ̀ oníbàárà yín, àpótí lọ́fínńdà bá omi lọ. Obìnrin náà yè é, ó padà sílùú rẹ̀, kò bọ̀ mọ́. Ẹ wá ẹlòmíràn. Ìgò kan náà ni, ọmọrí pupa kan náà ni, ẹ sì ń bá a lọ. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn ìyẹn, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba ń pè ní SAP dé, náírà wó lulẹ̀ bí ilé alámọ̀, ọjà òkèèrè di wúrà. Ìgbà yẹn ni oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í fi òróró lú òróró.

Ìgbà wo gan-an ló yí padà? Àkókò tí mo padà wálé láti ibi iṣẹ́ ní Ìlọrin lọ́dún kan tí Iléyá bọ́ sí ìgbà òjò. Ẹ gbá mi mọ́ra. Imú mi ń wá yín, kò rí yín. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó mú ṣáṣá bí ọṣẹ ìfọṣọ, tó dùn bí súìtì ọmọdé, tó kan kọ́kọ́ sáré jáde, tó sì parẹ́. Nígbà tó parẹ́ tán, mo gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ irú.

Háà. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí òórùn yẹn fi dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti wọlé.

Mo ti ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá, nítorí mo fẹ́ mọ ẹni tí màá bá jà. Mo kà á pé ní 1973, àwọn tó ń ṣe òórùn dídùn káàkiri ayé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní IFRA, tó ń sọ ohun tó yẹ kó wọ inú ìgò àti ohun tí kò yẹ. Èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní musk ambrette. Kò wọ́n, ó dùn, ó sì ń pẹ́ lára. Wọ́n rí i pé bí oòrùn bá pa awọ tí wọ́n fi sí, ti àwọn kan á máa yún, á sì máa dúdú. Nígbà tó di àwọn ọdún 1980, wọ́n ní kí á yé fi í sínú ohun ìpara. Ní ilẹ̀ Faransé, ilé iṣẹ́ Guerlain ti gbé lọ́fínńdà Mitsouko jáde láti 1919. Ohun kan tó ń hù lára igi óákù ni òpómúléró rẹ̀, wọ́n sì wá rí i pé ohun náà ń bá awọ àwọn mìíràn jà, wọ́n dín in kù, àwọn ìyá àgbà tó ti ń lò ó láti wúńdíá figbe ta pé èyí kọ́ ni tàwọn. Ní 1 Oṣù Kẹta, 2022, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de èròjà Lilial nínú ohun ìpara, èyí tó máa ń fún ọ̀pọ̀ ìgò ní òórùn òdòdó.

N kò lè bá wọn jà. Awọ ara ju òórùn lọ, ẹni tó ní ojú kò fẹ́ kó dúdú. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọn kì í wí? Wọ́n á fi orúkọ sílẹ̀, wọ́n á fi ìgò sílẹ̀, wọ́n á fi àwọ̀ sílẹ̀, inú nìkan ni wọ́n á yí. Bí ọkọ bá kú, wọ́n á ránṣẹ́ sí opó. Ẹni tó yí ti ìyá mi padà kò ránṣẹ́ sí Ọjà'ba. Alájàpá kan kò sọ pé, "Ìyá, ẹ má ra eléyìí, kì í ṣe èyí tí ẹ mọ̀."

Ẹ̀yin kò sì gbọ́ ọ. Ẹni tó wọ lọ́fínńdà gan-an ni kì í gbọ́ ọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà kí imú mọ́ ohun tó wà lára ẹni, kó sì pa á tì bí ẹni pa ariwo ẹ̀rọ tì. Àgbà tún dé, imú àgbà a máa rẹlẹ̀ bí ojú àgbà, ṣùgbọ́n ojú ní gíláàsì, imú kò ní. Lójú tiyín, ohun gbogbo wà bó ti wà. Lára tiyín ni a ti ń gbọ́ ọ, ọ̀dọ̀ àwa ló wà. Àwa ni a ní i, ìyá mi. Àwa la pa á mọ́, àwa la mọ ìgbà tó sọnù.

Ẹlẹ́gbẹ́ yín kan ní ìṣọ̀ gbọ́, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Imú gbọ́, ẹnu dákẹ́. Ní ìyàwó tí a lọ ní Gbọ̀ngàn Màpó, obìnrin kan tó wọ léèsì sún àga rẹ̀ díẹ̀, ó tún sún un. Imú gbọ́, ẹnu dákẹ́. Ẹ rí i pé ó sún, ẹ kò béèrè. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀kán mẹ́rin di mẹ́jọ. Nígbà tó yá, ẹ kò kà á mọ́, ẹ ń dà á sí àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ sì ti ń dà á sí i ni ọṣẹ ìfọṣọ yẹn ń pariwo sí i, tí irú ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

Ọjọ́ tí ó kù díẹ̀ kí n sọ ọ́ ni ọjọ́ tí mo sìn yín gòkè lọ sí Ọjà'ba. A dé ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí. Afọ́jú náà wà lórí ẹní rẹ̀, irun ti funfun lórí rẹ̀. A sún mọ́ ọn, kò yíjú. A dé iwájú rẹ̀, ẹ sọ owó sínú igbá, owó dún. Ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ ṣé o. Ta nìyẹn?"

Ẹ kò dáhùn. Ẹ dúró fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn dé ìṣọ̀, ẹ jókòó, ẹ nu ewé orí irú, ẹ wá wò mí lójú bí ẹ ti ń wò mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje. Ẹ ní, "Ṣé ó ṣì ń ta?"

Mo ní, "Ó ta sánsán, ìyá."

Ọlọ́run gbọ́ mi. Ẹ mi orí. N kò mọ̀ bóyá ẹ gbà mí gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò wáyé mọ́ láàárín wa.

2006 ni ẹ lọ. Òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ìrọ̀lẹ́ a ti sin yín. Àwọn obìnrin tó wẹ̀ yín po káńfọ̀ sínú omi ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, ó mọ́, ó tutù, ó gba gbogbo ilé. Nígbà náà ni màmá mi nawọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó mú ìgò ọlọ́mọrí pupa jáde, ó fún wọn. Ìgò tuntun ni. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ bó ti ń ṣí. Mo lè ní, "Ẹ má fi ìyẹn sí i, gèlè sányán rẹ̀ wà nínú àpótí, èyí tó ti dì mọ́lẹ̀ láti ayé àtijọ́, ẹ mú ìyẹn." N kò ní nǹkan kan. Ẹ wọ ilẹ̀ Bẹyẹrúnkà pẹ̀lú òórùn tí kì í ṣe tiyín. Ẹ dárí jì mí.

Ní Versailles, nítòsí Párísì, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Osmothèque. Láti 1990 ni wọ́n ti ń kó òórùn tó ti kú pa mọ́ síbẹ̀, àwọn tí ilé iṣẹ́ wọn ti pa rẹ́, àwọn tí wọ́n ti yí nínú. Wọ́n ń wá ìwé tí wọ́n fi pò wọ́n nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ń tún wọn pò, wọ́n ń fi wọ́n sínú òkùnkùn, nínú òtútù ìwọ̀n 12 Celsius, kí ìmọ́lẹ̀ àti ooru má bà wọ́n jẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà nípa rẹ̀, mo kú fún ìlara. Òórùn ìyá olówó Párísì nílé. Tiyín wà nínú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn mi, òun àti káńfọ̀, òun àti ooru Ìbàdàn.

Ní 2020, kòrónà mú mi. Ibà lọ, ikọ́ lọ, imú mi kò padà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rù bà mí, mo ṣí àpótí. Mo fi gèlè bo ojú. Kò sí nǹkan kan. Òfìfo ni. Mo rò pé ẹ ti lọ pátápátá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún gidi. Ọmọbìnrin mi wọlé. Kò mọ̀ yín dáadáa, ọmọ kékeré ni nígbà tí ẹ lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Mọ́mì, ta ló wá? Ó ń ta sánsán."

Mo ní kó sún mọ́ mi. Mo ní kó sọ ohun tó ń gbọ́ fún mi, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní ó dà bí òdòdó tó ti gbẹ. Ó ní ó dà bí igi tí oòrùn ń pa. Ó ní nǹkan kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kò mọ ohun tó jẹ́, bí ìdí ìkòkò. Mo rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé irú ni ẹ ń tà.

Bí èèyàn bá gba Bẹẹrẹ kọjá lónìí, òórùn kò wọ́n. Úùdù láti Dùbáì, humra láti Máídúgùrì, ìgò oníwúrà lórí tábìlì, àwọn ọmọ ń yí i padà bí ẹni yí aṣọ, èyí lónìí, òmíràn lọ́la. N kò bá wọn wí, wọ́n dára. Àmọ́ kò sí afọ́jú tó lè fi í mọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ìṣọ̀ yín ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ike fóònù.

Ọmọbìnrin mi ń lọ sílé ọkọ. Ó ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá òun lè wé gèlè sányán náà, mo sì ti kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí wákàtí mẹ́ta nínú ooru àti ijó, kò ní kù nǹkan kan. Lálẹ́ àná, mo gbà fún un. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ afọ́jú náà fún un, mo sọ ohun tí ẹ bi mí àti irọ́ tí mo pa.

Sátidé tó ń bọ̀ ni, ní Màpó, aago mẹ́wàá. Ẹ̀yin ará Bẹyẹrúnkà, ẹ̀yin ará Ọjà'ba tí ẹ ti dàgbà, bí ìyàwó bá gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá tí imú yín gbọ́ nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ sókè.